Kí Ẹni Tí Ó Tún Ilé Kejì Kọ́ Kọ Ìwé Ogún Rẹ̀ Sílẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ ogún ni. Ọ̀rọ̀ ogún ẹni tí ó ti ní ọkọ tàbí ìyàwó nígbà kan rí ni, tí ikú tàbí ìkọ̀sílẹ̀ ya wọ́n, tí ó sì tún ilé mìíràn kọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa. Opó a máa tún ọkọ ní. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú a máa tún ìyàwó fẹ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ jẹ ará ilé rẹ̀ ní gbèsè kan. Gbèsè náà ni pé kí ó sọ bí a ó ti pín ohun ìní rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè.

Kí ló dé tí mo fi ya irú ilé yìí sọ́tọ̀? Nínú ilé tí ó ní ìyá kan àti bàbá kan, bí bàbá bá kú, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ọmọ. Bí wọ́n bá ń jà, ìyá wọn a là wọ́n. Nínú ilé kejì, ìyá tí ó kù nílé kì í ṣe ìyá gbogbo wọn. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ a máa sọ pé, "Ohun tí ìyá wa fi agbára kó jọ ni obìnrin yìí wá jókòó lé." Obìnrin náà a máa sọ pé, "Èmi ni mo tọ́jú bàbá nígbà àìsàn. Ẹ̀yin kò sí nílé." Kò sí ẹni tí kò ní ẹjọ́ rò nínú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè parí ẹjọ́ náà ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE ÌṢIRÒ

Ẹ mú ìwé àti bíìkì yín. Kì í ṣe ẹnì kan ni mo ń bá wí. Àpẹẹrẹ lásán ni.

Bàbá kan ní oko kajú, ó sì ní ilé kan. Bí a bá dá iye lé gbogbo rẹ̀, ó jẹ́ 2.400.000 sẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Ìyàwó náà bí ọmọ mẹ́rin fún un: ọkùnrin 2, obìnrin 2. Bàbá wá fẹ́ opó kan. Opó náà bí ọmọbìnrin 1 fún un. Ṣùgbọ́n opó yìí ti mú ọmọkùnrin kan dání láti ilé ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n dé. Ó ti di ọmọ ogún ọdún báyìí. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ó ti ń bá bàbá ro oko kajú, tí ó ń bá a ṣa èso rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn òbí bàbá yìí ti kú tipẹ́. Bàbá náà wá kú. Kò sọ nǹkan kan, kò sì kọ nǹkan kan. Báwo ni a ó ṣe pín in?

Ọ̀nà kìíní ni ìdí-igi. Ọ̀nà àtijọ́ ni láàárín àwọn ọmọ Yorùbá. Iye ìyàwó tí ó bímọ ni a ó fi pín ogún. Ìyàwó méjì ló bímọ, nítorí náà ìdí kọ̀ọ̀kan gba 1.200.000. Àwọn ọmọ mẹ́rin ti ìyá àkọ́kọ́ yóò pín tiwọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba 300.000. Ọmọbìnrin kékeré nìkan ni yóò gba 1.200.000. Opó kò gba nǹkan kan.

Ọ̀nà kejì ni orí-ò-jorí. Iye orí ọmọ ni a ó kà. Ọmọ márùn-ún ni. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 480.000. Opó kò gba nǹkan kan.

Ọ̀nà kẹta ni ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Opó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ní ọmọ. Èyí jẹ́ 300.000. Ó ku 2.100.000 fún àwọn ọmọ. Ìpín ọkùnrin kan jẹ́ ìpín obìnrin méjì. Nítorí náà, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba 600.000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba 300.000.

Ọ̀nà kẹrin ni ti òfin ìjọba Benin. Bí opó náà bá jẹ́ aya tí a ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ ní mairie, ó gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí jẹ́ 600.000. Ó ku 1.800.000. Òfin náà kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, kò sì ya ọmọ ìyá yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ìyá yẹn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba 360.000.

Ẹ wò ó dáadáa. Oko kan náà ni, ilé kan náà ni, ọmọ kan náà ni. Ọmọbìnrin kékeré lè gba 1.200.000, ó sì lè gba 300.000. Opó lè gba 600.000, ó sì lè jáde ní ọwọ́ òfo. Àkọ́bí ọkùnrin lè gba 300.000, ó sì lè gba 600.000. Oníkálukú yóò di ọ̀nà tí ó ṣe é ní rere mú. Oníkálukú yóò sì búra pé ọ̀nà tòun ni òtítọ́. Ìjà kò ní ṣàì dé.

Ọmọ ogún ọdún tí ó ro oko ńkọ́? Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀nà kìíní: òfo. Ọ̀nà kejì: òfo. Ọ̀nà kẹta: òfo. Ọ̀nà kẹrin: òfo. Ọmọ tí ìyàwó mú wá kì í jogún ọkọ ìyá rẹ̀, bí ó ti wù kí ìfẹ́ àárín wọn pọ̀ tó. Bí bàbá bá fẹ́ kí ó rí nǹkan, àfi kí bàbá fi fún un nígbà ayé rẹ̀, tàbí kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

ẸJỌ́ KAN NÍ ÈKÓ

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé àwa kò lè jà nítorí ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Àwọn kan ti jà rí. Ní Èkó, ọkùnrin kan tí ó ní ìyàwó mẹ́rin kú láì kọ ìwé ogún. Àwọn ọmọ gbé ara wọn lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè é títí di òní. Adájọ́ àkọ́kọ́ sọ pé orí-ò-jorí ló yẹ, nítorí ayé ti yí padà. Ní ọdún 1958, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ sọ pé rárá, ìdí-igi ni àṣà. Wọ́n tún gbé ẹjọ́ náà kọjá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1962, àwọn adájọ́ ibẹ̀ fi ọwọ́ sí ìdí-igi.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ bàbá kan náà, láti ilé-ẹjọ́ kan sí èkejì, títí dé ìlú òyìnbó. Ojú ìwé kan tí bàbá ìbá kọ ìbá gbà wọ́n lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN WA SỌ

Ó yẹ kí a mọ ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ọdún 1931, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣe àkóso Dahomey, wọ́n kó àwọn àṣà jọ sínú ìwé kan tí a ń pè ní Coutumier du Dahomey. Ìwé yẹn ka obìnrin mọ́ ohun ìní ọkọ àti mọ́ ogún. Ní ọdún 1996, ilé-ẹjọ́ Cour constitutionnelle sọ pé ìwé náà kì í ṣe òfin. Lẹ́yìn náà ni òfin ẹbí, Code des personnes et de la famille, dé. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni Ààrẹ fi ọwọ́ sí i. Òun ni ilé-ẹjọ́ Djougou yóò ṣí wò bí a bá gbé ẹjọ́ ogún láti Bassila dé ibẹ̀.

Ohun mẹ́rin wà nínú òfin yìí tí ẹni tí ó tún ilé kejì kọ́ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Èkíní, ìgbéyàwó tí a ṣe ní mairie nìkan ni òfin kà sí ìgbéyàwó. Ìgbéyàwó tí ìmáàmù tàbí àlùfáà so, ó dára lójú Ọlọ́run. Èyí tí ẹbí ṣe, ó dára lójú ẹbí. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin tí òfin fún opó, ìwé mairie ni a fi ń gbà á. Òfin sì mọ ìyàwó kan ṣoṣo fún ọkọ kan. Bí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó mairie pẹ̀lú ẹni àkọ́kọ́, tí ẹ kò sì kọ ara yín sílẹ̀ níwájú adájọ́, ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni aya lójú òfin, bí ó tilẹ̀ ti lọ fún ogún ọdún.

Èkejì, ọmọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìbí tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò ní in yóò wá ẹlẹ́rìí kiri ní ọjọ́ tí ojú rẹ̀ kún fún omijé.

Ẹ̀kẹta, bí tọkọtaya kò bá ṣe àdéhùn mìíràn níwájú notaire, ohun tí oníkálukú ní jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ìsọ̀ yín, àgùntàn yín, aṣọ yín, owó èsúsú yín, kì í ṣe ogún ọkọ yín. Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ fi rà wọ́n. Bí ilé bá jẹ́ owó yín ni a fi kọ́ apá kan rẹ̀, kí ọkọ yín kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí kì í ṣe tiyín, ẹ má ṣe fi sínú ìwé ogún. Ilẹ̀ ẹbí, ti ẹbí ni. Ilẹ̀ tí wọ́n yá yín láti fi gbin iṣu, ti ẹni tí ó yá yín ni. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ tiyín, ẹ wá ìwé rẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 ti fi àyè sílẹ̀ fún ìwé kan fún ẹni tí ó ni ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀. Attestation de détention coutumière ni orúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ ní mairie.

BÍ A ṢE Ń KỌ Ọ́

Ìwé ìpíngún, tí àwọn Faransé ń pè ní testament, ní ọ̀nà méjì tí ó wúlò fún wa.

Ọ̀nà kan ni kí ẹ lọ sọ ọ̀rọ̀ yín fún notaire. Òun ni yóò kọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ lè rí notaire ní Parakou. Ó ń gba owó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ṣòro jù láti bà jẹ́ ni.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Èyí ni ó kàn wá ní kíláàsì yìí. Òfin sọ pé kí ẹni tí ó ni ogún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí i, kí ó sì buwọ́ lù ú. Kì í ṣe kí ọmọ kọ ọ́ kí bàbá tẹ ìka. Kì í ṣe kí akọ̀wé fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kí ìyá buwọ́ lù ú. Ọwọ́ ara ẹni ni. Ẹ rí i báyìí pé lẹ́tà tí ẹ ń kọ́ ní alaalẹ́ kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ kò ní ọ̀nà kejì yìí rárá.

Ẹ má sì ṣe da èdè tí kò yé yín kọ. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ gíga wọn sọ pé ìwé ogún tí ẹnì kan fi èdè Jámánì kọ kò múlẹ̀, nítorí pé ẹni náà kò gbọ́ èdè Jámánì. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò yé e. Òfin Faransé kọ́ ni òfin wa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n tiwa náà.

Kí ọkọ kọ tirẹ̀, kí aya kọ tirẹ̀, lórí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ sọ fún ẹni méjì tí ẹ fọkàn tán ibi tí ó wà. Bí ọkàn yín bá yí padà lọ́la, ẹ lè kọ òmíràn.

Ẹ rántí pé ìwé yìí kò lè gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Òfin ti ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ, tí bàbá kò lè fi fún ẹlòmíràn. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni ènìyàn lè fi sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún. Nínú ìṣirò wa, ìdá yẹn jẹ́ 800.000. Ó tó láti fún ọmọ tí ó ro oko ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ayé tirẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN Ń SỌ

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó bá kọ ìwé ogún ń pe ikú. Ẹni tí ó ra àtùpà kò pe òru. Òru ń bọ̀, bí a rà á bí a kò rà á.

Àwọn kan ń sọ pé àwọn àgbà ẹbí yóò pín in. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà. Òfin pàápàá bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí pé ìpàdé ẹbí ni ó ń yan ẹni tí yóò bójú tó ogún, kí ilé-ẹjọ́ tó fi ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn àgbà yóò fi dájọ́ bí òkú kò bá sọ nǹkan kan? Ẹ pè wọ́n nísinsìnyí. Kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu yín.

Àwọn kan ń sọ pé, "Ẹ̀sìn mi ti pín in." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kan náà sọ pé gbèsè àti ohun tí òkú fi sílẹ̀ ní àṣẹ ni a ó kọ́kọ́ san, kí a tó pín. Bí gbogbo ajogún tí ó ti dàgbà bá fi ẹnu kò láti pín in bí ẹ̀sìn ti wí, kò sí ẹni tí yóò dí wọn lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá kọ̀, tí ó lọ sí Djougou, òfin ọdún 2004 ni yóò bá níbẹ̀. Nítorí náà ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín.

ÈRÒ TÈMI

Mo kéré sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Tótó, ó ṣe bí òwe, mo ń sọ èyí níwájú àgbà.

Kò dára kí bàbá fi gbogbo nǹkan fún ìyàwó tí ó wà nílẹ̀, kí ọmọ ìyá tí ó kú máa wò. Igi kajú tí ìyá wọn bá bàbá gbìn, kí orúkọ ìyá náà wà nínú ìwé, kí àwọn ọmọ rẹ̀ jogún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì dára kí a lé opó jáde lẹ́yìn ọjọ́ ogójì pẹ̀lú àpótí aṣọ rẹ̀. Ẹ lè kọ pé ilé jẹ́ ti gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n kí opó máa gbé yàrá rẹ̀ títí ayé rẹ̀. Àwọn ọmọ kò pàdánù ilé, ìyá kò sì di alárìnkiri.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ tún ọkọ ní, ọ̀rọ̀ yín kò yàtọ̀. Àwọn ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀ nílé ọkọ àkọ́kọ́, ọmọ yín ni wọ́n. Lójú òfin, ìpín tiwọn àti ti àwọn àbúrò wọn dọ́gba. Ọkọ yín ní ìdá kan nínú mẹ́rin, yálà nínú òfin ìjọba bí ẹ bá ṣe mairie, tàbí nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá kọ orúkọ àwọn ọmọ náà, ta ni yóò ránṣẹ́ pè wọ́n ní ọjọ́ tí a ń pín aṣọ yín?

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo fi kún un pé, ilé tí a kò kọ sílẹ̀, ọmọ tí a kọ́ dáadáa lè bá ara wọn jà nítorí rẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A JỌ SỌ Ọ́ NÍ KÍLÁÀSÌ

1. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí a fi ṣe ìṣirò, èwo ni ó tọ́ lójú yín? Kí ló dé?
2. Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí bàbá náà fi sílẹ̀ fún ọmọ tí ó bá a ro oko?
3. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ yín, ti ilé àkọ́kọ́ àti ti ilé kejì, sórí ìwé kan. Ta ni kò ní ìwé ìbí nínú wọn?
4. Ẹ kọ ọjọ́ òní, oṣù àti ọdún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì buwọ́ lù ú.

Ẹni tí ó bá lè ṣe ìdáhùn kẹta àti ìkẹrin láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti mọ̀ ọ́n kọ tó láti kọ ìwé ogún rẹ̀.